Odò ẹran tàbí ẹ̀yìnkùlé: ibo la ti ń pa màlúù?

Bí ìnáwó bá ti sún mọ́lé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè kan náà ni: ṣé kí alápatà wá pa màlúù nílé ni, àbí ká fà á lọ sí odò ẹran?

Owó: tilé dínwó díẹ̀. Ti odò ẹran ní owó ọkọ̀ àti owó ìjọba nínú.

Wàhálà: nílé, ẹran kò jìnnà sí ìkòkò. Ní odò ẹran, ẹ óò jí ní kùtùkùtù, ẹ óò sì dúró.

Ewu: ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní odò ẹran, ó yẹ kí dókítà ẹranko wo màlúù lóòyẹ̀, kó tún wo fùkù àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dúńbú rẹ̀. Ikọ́ ife màlúù, tó lè ran ènìyàn, kì í sábà hàn lójú. Inú fùkù ni kókó rẹ̀ máa ń wà. Nílé, ta ló ń wò ó? Wọ́n á gé ibi tó lé kókó fún ajá, wọ́n á ní iná á pa ìyókù. Iná ń pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ọ̀bẹ ti kàn án ná.

Màlúù tó kú lójijì tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí ní ìdí rẹ̀ kò yẹ fún ibì kankan. Ó lè jẹ́ anthrax, àrùn tó ń pa ẹran tó sì lè ran ènìyàn, irú èyí tó wọ ìpínlẹ̀ Niger ní 2023. Ẹ má là á, ẹ pe dókítà ẹranko: kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àgbò Iléyá tí ẹ fọwọ́ ara yín sìn, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá? Ilé tó o, bí ẹ bá ti lè gbẹ́ kòtò fún ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Màlúù tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, tàbí ẹran títà? Odò ẹran ni.