Ọ́fíìsì ìrìn-àjò tó bá wa yan etíkun ní Tenerife: ohun tí ojú mi rí

Àsíá pupa ló mú kí n kọ èyí. Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òpó, níwájú òkun tó ń bú bí ìgbà tí tipá ń da òkúta sílẹ̀. Ọkọ mi, ẹni ọdún 66, ti rọra sọ àtẹ̀gùn gígùn kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń di ògiri mú. Àbúrò mi ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sábẹ́ bùbá rẹ̀ láti hòtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ọ́fíìsì yẹn kọ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp fún ọjọ́ kejì ni: "Etíkun El Bollullo. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ títí ọ̀sán." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síbẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ omi.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti físà kí n lè ráyè sọ tèmi. Erékùṣù abẹ́ Spéènì ni Tenerife, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ Mòrókò níbí ló wà lójú òkun, torí náà físà Schengen ni, èyí tí Spéènì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Wọ́n to ìwé wa dáadáa, títí kan ìwé ìbánigbófò tó gbọ́dọ̀ tó 30,000 Yúrò. Mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Ọgọ́ta ọdún mi la lọ ṣe. Láti ìgbà tí mo ti ń ta aṣọ l'Ọ́jà Àtákúmọ̀sà, mi ò jókòó sétí omi rí láìsí ẹrù níwájú mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo pè wọ́n níbẹ̀ gan-an. Oṣù kẹwàá ni, aago Tenerife àti ti Iléṣà bára mu, aago mọ́kànlá àárọ̀ ni lọ́dọ̀ àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó lè ní òun ń sùn. Ọmọbìnrin kan ló gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Mọ́mì. Ẹ kú ìgbádùn o."

"Ìgbádùn wo? Ta ló ní kí ẹ kó àgbàlagbà wá síbi tí òkun ti ń gbé èèyàn lọ?"

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ń retí irọ́, pé bóyá ojú ọjọ́ ni, bóyá ẹ̀rọ ni. Ó ní, "Èmi ni mo yàn án mà. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Fọ́tò rẹ̀ ló wù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Dádì wọ omi o, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn yẹn padà."

Inú mi ò tíì rọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo tún sáré wọ̀ ọ́ padà, nítorí iyanrìn dúdú yẹn ti gba oòrùn sára, ó gbóná bí agbada gàrí. Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: ó kúnná, ó wúwo ju iyanrìn odò wa lọ, ó ń dán wínníwínní. Iná òkè ayọnáyèéfín ló di òkúta, tí òkun lọ̀ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ omi Ọlúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé omi tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn, òkèèrè la ti ń kí i.

Lọ́sàn-án ọ̀gá wọn pè mí. Kò bẹ̀ mí. Ó ní ìwé tí a fọwọ́ sí kò sọ pé àwọn máa ṣe onídùúró fún ìgbì òkun, pé bí a kò bá lè lúwẹ̀ẹ́, ká ya fọ́tò. Sí èmi tí mo ti san gbogbo owó pé! Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti ń ro ohun tí mo máa kọ síbí, kò sì dára rárá.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ alẹ́, ọmọbìnrin àárọ̀ yẹn tún pè, lórí fídíò, ìwé àti bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ lòun fi wádìí. Ó wá ń bi wá ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti bi wá kí a tó sanwó. Ta ló mọ̀ ọ́n wẹ̀? (Àbúrò mi nìkan.) Àtẹ̀gùn mélòó ni orúnkún Dádì lè gbà? Ṣé oòrùn la fẹ́ àbí ibi tútù? Ó ṣàlàyé pé ìhà àríwá erékùṣù náà ni atẹ́gùn ń kọ́kọ́ bá, ibẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀, tí ìkúùkuu wà, tí ìgbì rẹ̀ le, pàápàá láti oṣù kẹwàá lọ; pé ìhà gúúsù ló gbẹ, tí oòrùn wà, tí omi sì sábà máa ń rọlẹ̀. Ó fa igi lé etíkun Benijo, ó ní àtẹ̀gùn àti ìgbì ló tún wà níbẹ̀. Ó fa igi lé El Médano, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó ń fi ìgbòkun sáré lórí omi ló ń wá a kiri. Ó fi Playa de las Vistas ní Los Cristianos sí i. Ó ní kí a kọ́kọ́ lọ sí Las Teresitas lọ́la.

A wọ bọ́ọ̀sì (guagua ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún) lọ sí Santa Cruz, a wá wọ bọ́ọ̀sì 910 dé Las Teresitas. Ẹ̀yin èèyàn mi, iyanrìn pupa rẹ́súrẹ́sú, àtẹ̀gùn kankan ò sí. Iyanrìn aṣálẹ̀ Sàhárà ni, ti ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó o wá ní 1973, kí wọ́n fi bo etíkun tó jẹ́ òkúta dúdú tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún to òkúta ńláńlá sínú òkun bí ògiri, ìgbì ń kú sára rẹ̀ lọ́hùn-ún, omi tó kù lọ́dọ̀ wa dákẹ́ bí omi inú àwo.

Ọkọ mi ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ní ẹsẹ̀ nìkan lòun fẹ́ fi kàn án. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, omi ti dé àyà rẹ̀, ṣòkòtò ti tutù, ó ń juwọ́ sí mi. "Ìyá wa, wá! Omi yìí ń bá mi gbé orúnkún náà!" Ọdún mẹ́rin ni orúnkún yẹn ti ń dùn ún. Mo sunkún níbẹ̀. Mo pe ọmọbìnrin yẹn, mo kàn kọjú fóònù sí òkun kó lè rí Dádì.

Las Vistas náà dára, àwọn ọmọ kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, a sì jẹ ọ̀dùnkún tí wọ́n fi iyọ̀ sè teèpo-teèpo pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí kò ta tó.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí ji ọ̀gá yẹn. Ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó gbé wa lọ wo àbùùbùtán wà nínú owó tí a san, kò wá. Láti ìgbà tí a ti padà dé, mo ti lọ sí ọ́fíìsì wọn nígbà mẹ́ta nítorí owó yẹn, "ẹ wá lọ́la" ni mò ń gbọ́. Ọmọbìnrin tí kò jẹ mí ní kọ́bọ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ọ̀gá jókòó sínú yàrá.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹ bi wọ́n ní ìhà tí etíkun wà, iye àtẹ̀gùn rẹ̀, àti bóyá ẹnì kankan lára wọn ti dé ibẹ̀ rí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Mo ti san àsansílẹ̀ ti ọdún tó ń bọ̀ fún wọn, lórí àdéhùn pé ọmọbìnrin yẹn ló máa bá wa yàn án. Ọkọ mi ní Teresitas ni ká kọ́kọ́ dé.