Windows, Mac tàbí Chromebook: Fóònù Ọwọ́ Yín Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù ló máa ń béèrè iye RAM, bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ máa lò. Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Àmọ́ ohun méjì kan wà tí ọwọ́ yín máa bá pàdé lójoojúmọ́ ayé, tí kì í sì í sábà wọ inú ìbéèrè náà: àwọn ọ̀nà àbùjá orí kíbọ́ọ̀dù (bọ́tìnì mélòó kan tá a tẹ̀ pọ̀ láti yára ṣe nǹkan), àti bí láptọ́ọ̀pù náà ṣe máa bá fóònù yín ṣe pọ̀. Lójú tèmi, èkejì ló wúwo jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìka á ti mọ kíbọ́ọ̀dù tuntun. Ṣùgbọ́n bí fóònù àti láptọ́ọ̀pù ò bá gbọ́ èdè ara wọn, ìyà rẹ̀ lẹ ó máa jẹ títí tẹ́ ẹ fi máa pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn.

Kíbọ́ọ̀dù

Lórí Windows àti Chromebook (láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò ChromeOS ti Google), bọ́tìnì Ctrl ni ọ̀gá. Ctrl+C ń da ọ̀rọ̀ kọ, Ctrl+V ń lẹ̀ ẹ́ síbòmíì, Ctrl+Z ń dá ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà. Lẹ́tà kan náà ni Mac, kọ̀ǹpútà Apple, ń lò, àmọ́ Command ló rọ́pò Ctrl. Command yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì gígùn tá a fi ń fàyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, nítorí náà àtàǹpàkò ló ń tẹ̀ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọmọńdinrín ló ń nà dé Ctrl. Ẹni tó ń kọ̀wé láti àárọ̀ di alẹ́ máa mọ ìyàtọ̀ yẹn lára, mo sì fara mọ́ ti Mac níbẹ̀.

Ibi tí Windows ti yọrí ni ìtọ́jú ohun tá a ti dà kọ. Láti ọdún 2018, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú V (Windows+V), gbogbo ohun tẹ́ ẹ dà kọ láìpẹ́ á tò síwájú yín, kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn nìkan. (Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó máa ní kí ẹ tan án.) Mac ò ní irú rẹ̀ nínú ara rẹ̀ títí di Tahoe, ẹ̀dà ètò Mac tó jáde lọ́dún 2025. Bákan náà, Windows pẹ̀lú ọfà òsì tàbí ọ̀tún máa ń to áàpù méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí sì ti wà láti ìgbà Windows 7. Ọdún 2024 ni Mac ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tirẹ̀ gbà, nínú ẹ̀dà Sequoia: Fn+Control pẹ̀lú ọfà. Ní ti kí èèyàn ya àwòrán apá kan ojú kọ̀ǹpútà, wọn ò ju ara wọn lọ: Windows+Shift+S níhìn-ín, Command+Shift+4 lọ́hùn-ún.

Ọ̀pọ̀ Chromebook ò ní F1 dé F12 bẹ́ẹ̀ ni kò ní Delete, bọ́tìnì ìwákiri ló sì sábà máa ń wà níbi tí Caps Lock máa ń wà. Bí ẹ bá tẹ Ctrl+Alt+/, á to gbogbo ọ̀nà àbùjá rẹ̀ síwájú yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa gbádùn rẹ̀. Ẹni tí F2 àti F4 ti mọ́ lọ́wọ́ nínú Excel ò ní gbádùn rẹ̀.

Fóònù

Bí iPhone lẹ ń lò, Mac ò lẹ́gbẹ́. Ẹ da ọ̀rọ̀ kọ lórí fóònù, ẹ tẹ Command+V lórí Mac, ó ti dé. AirDrop ń gbé fọ́tò kọjá láìlo okùn, láìlo dátà. Láti ọdún 2022, ẹ lè fi kámẹ́rà fóònù ṣe kámẹ́rà ìpàdé orí Mac. Láti 2024, ẹ sì lè ṣí ojú iPhone gan-an sórí Mac kí ẹ máa fi kíbọ́ọ̀dù darí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Apple ò tíì ṣí èyí sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ohun tí wọ́n ń béèrè ò pọ̀: àkáǹtì Apple kan náà lórí méjèèjì, kí Wi-Fi àti Bluetooth sì wà ní títàn.

Bí Android ni, Windows ni kí ẹ wò. Áàpù Phone Link ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́, ìpè àti fọ́tò fóònù wá sórí láptọ́ọ̀pù, lórí àwọn fóònù Samsung kan ó tilẹ̀ ń ṣí àwọn áàpù fóònù náà síbẹ̀. Fún fáìlì ńlá, Quick Share wà, tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ láìlo okùn, èyí tí Google àti Samsung da tiwọn pọ̀ sí lọ́dún 2024. Chromebook náà mọ Android dáadáa, ó tiẹ̀ lè fúnra rẹ̀ tan hotspot fóònù yín, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ iPhone.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù nìyí: iPhone pẹ̀lú Windows. Láti 2023 ni Phone Link ti ń gba iPhone, wọ́n sì lè sọ fún yín nílé ìtajà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ ẹni sí ẹni àti ìfitónilétí ló mọ. Ẹ ò ní rí fọ́tò yín níbẹ̀, ẹ ò sì ní lè fèsì nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Android pẹ̀lú Mac náà ò rọrùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Google kéde pé Quick Share ti lè bá AirDrop sọ̀rọ̀, Pixel 10, fóònù Google fúnra rẹ̀, sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí fóònù yín ò bá sí lára àwọn tó ti gbà á, ẹ má fi ìròyìn yẹn ra Mac.

Hotspot àti ojú ihò USB-C

Bí láptọ́ọ̀pù àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè bóyá Wi-Fi rẹ̀ ń gba 5 GHz (2.4 GHz àti 5 GHz jẹ́ oríṣi ìgbì tí Wi-Fi ń gbà). Láti iPhone 12, 5 GHz ni hotspot iPhone máa ń lò bí ẹ ò bá tíì tan Maximize Compatibility nínú ètò rẹ̀, láptọ́ọ̀pù tó mọ 2.4 GHz nìkan ò sì ní rí i rárá.

Ti USB-C, ihò tí okùn fóònù tuntun ń wọ̀, tún wá ta kókó ju ìyẹn lọ, nítorí pé ihò kan náà lójú lè ní agbára tó yàtọ̀ pátápátá nínú. Iyára tí iPhone 15 fi ń gbé fáìlì lórí okùn ò ju 480 Mbps lọ. iPhone 15 Pro lè dé 10 Gbps bí okùn náà bá tó bẹ́ẹ̀. Fídíò 30 GB máa lò ju ìṣẹ́jú 8 lọ lórí ti àkọ́kọ́, nígbà tí èkejì lè má tó ìṣẹ́jú kan bí ohun gbogbo bá ṣe déédéé. Bọ́rọ̀ ṣe rí lára láptọ́ọ̀pù náà nìyẹn: ihò kan lè gbé fáìlì, kó má gbé àwòrán jáde sí ojú tẹlifíṣọ̀n, kó má sì gba iná. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ki okùn fóònù yín bọ̀ ọ́ níbẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á.