Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí AC ọkọ̀ yín kò tutù mọ́: ẹ má sanwó compressor kí wọ́n tó wọn gáàsì

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń wakọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ka èyí kí ẹ tó kó owó yín fún ẹnikẹ́ni nítorí AC. Ọkùnrin kan tó ń tún AC ọkọ̀ ṣe nílùú Ìbàdàn kọ ₦353,000 fún mi lórí ọkọ̀ tí ₦43,500 padà tún ṣe. Ó ti gba ₦80,000 lọ́wọ́ mi nínú rẹ̀ kí ojú mi tó là. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní júwe ìsọ̀ rẹ̀, torí mo ti wá rí i pé ọgbọ́n tó fi mú mi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn, ẹni mẹ́ta ló ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe àwọn náà, ẹnì kan ní Ìbàdàn níbí, ẹni méjì ní Èkó. Ọgbọ́n yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Oṣù kẹta ni. Ẹ mọ bí oòrùn Ìbàdàn ṣe máa ń mú kí òjò tó balẹ̀. Mò ń gbé ìyá mi bọ̀ láti ọsibítù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ni, a sì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road. AC Corolla mi ti ń dín kù láti bí oṣù méjì, ọjọ́ náà ló wá ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná pátápátá. A ò lè ṣí fèrèsé nítorí eruku àti ojú Màmá tí wọ́n dì. Wọ́n ń làágùn, wọn ò sọ nǹkan kan, etí gèlè ni wọ́n kàn fi ń nu ọrùn. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mi ò wádìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí tí wọ́n kọ AC síwájú rẹ̀ ni mo yà sí.

Ọ̀gá ibẹ̀ fi ọ̀yàyà gbà mí. "Ẹ káàbọ̀ o, Alàgbà. Ẹ jókòó." Ó ní kí ọmọṣẹ́ òun ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó tan ọkọ̀, kí ó tẹ AC. Gbogbo wa dákẹ́, a ń gbọ́. Nǹkan kan ò dún. Ó fọwọ́ kan compressor, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí po nínú AC, ó mi orí. "Compressor ti kú, sà." Mi ò tíì lo ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀. Ó wọlé, ó mú àkísà kan jáde tí ọ́ìlì dúdú rin gbindin, ó yí i sí oòrùn, mo sì rí i tí nǹkan ń dán wínníwínní lára rẹ̀ bí iyanrìn etídò. Ó ní kí n wò ó, pé irin inú compressor ló ń lọ ara rẹ̀, pé ó ti tú u sí gbogbo ẹ̀yà tó kù.

Ló bá mú bírò. Compressor tòkunbọ̀ ₦165,000, condenser (tó ń lé ooru inú gáàsì jáde) ₦70,000, drier (tó ń fa omi inú gáàsì) ₦15,000, fífọ inú páìpù ₦20,000, ọ́ìlì ₦8,000, gáàsì ₦35,000, owó iṣẹ́ ₦40,000. Ó ní dọ́là ti gbéra, pé bí òun ò bá tètè dé ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate lọ́jọ́ náà, iye yẹn kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́la. Mo rántí Màmá àti gèlè wọn, mo fi ₦80,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí mo padà lọ, ọkọ̀ wà níbi tí mo gbé e sí. Wọ́n ní ọ̀gá jáde. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra mi. Eruku pupa bo nọ́ọ̀tì ibi tí páìpù ti wọ compressor, ó tẹ́ rẹrẹ, kò sí ojú spánà lára rẹ̀ rárá. Ara mi bù máṣọ. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tú páìpù wò, níbo ni ọ́ìlì tó wà lára àkísà yẹn ti wá? Inú ọkọ̀ ta ni irin yẹn ti jáde?

Mo gbé ọkọ̀ mi kúrò níbẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ló mú mi lọ bá bàbá kan tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ AC látìgbà tí ọkọ̀ ṣì ń lo gáàsì R12, kí R134a tó gbòde láàárín ọdún 1990 sí 1999. Bàbá ò tan ọkọ̀ rárá. Wọ́n kọ́kọ́ so géèjì mọ́ ọn, ìyẹn géèjì olójú méjì, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa. Wọ́n ní kí n bọ́ sí tòsí. "Ẹ wò ó. Nínú oòrùn báyìí, tí ọkọ̀ ò sì tàn, bí gáàsì bá wà níbẹ̀, ọwọ́ géèjì méjèèjì á sún mọ́ 100 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára gáàsì." Tèmi ò kọjá 20.

Ibi tí ẹ̀tàn yẹn fara pamọ́ sí gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí Bàbá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Swíìṣì kan wà lára páìpù AC tó máa ń ṣọ́ agbára gáàsì. Bí gáàsì bá lọ sílẹ̀ jù, swíìṣì yìí á gé iná compressor, kò ní jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé inú gáàsì ni ọ́ìlì compressor ti ń bá a rìn. Gáàsì tí kò tó kò lè gbé ọ́ìlì padà wálé, compressor á sì gbẹ, á jóná. Nítorí náà, compressor tí kò dún lè jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ le koko, tó jẹ́ pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lásán tó sọ pé ó ti kú, tí kò so géèjì, àwa tí a ò mọ̀ ló fẹ́ gbowó àìmọ̀ wa.

Bàbá fi gáàsì díẹ̀ sí i, wọ́n ní kí n tan ọkọ̀. Tá! Compressor mú, ó ń yí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀, kì í ṣe ti ayọ̀ nìkan, ti ìbínú náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po omi ọṣẹ sínú ike, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo oríkèé páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí condenser, níwájú rédíétọ̀, ìfófó kékeré kan yọ, ó wú bí ojú ẹja, ó bẹ́, òmíràn tún yọ. Rọ́bà róbótó kan, tí kò tóbi ju òrùka ọmọdé lọ, ló ti gbẹ tó sì sán. Rọ́bà yẹn ₦1,500, gáàsì ₦30,000, owó iṣẹ́ Bàbá ₦12,000. Kí wọ́n tó rọ gáàsì sí i, wọ́n fi pọ́ǹpù fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde fún bí 40 ìṣẹ́jú, torí atẹ́gùn máa ń gbé omi wọlé, omi sì máa ń ba inú AC jẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí wọ́n ń rọ gáàsì sí ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú láìfa atẹ́gùn rẹ̀ jáde, ẹ má jókòó níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí wọ́n fi ń jẹ wá díẹ̀díẹ̀: AC kì í jẹ gáàsì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jẹ epo. Gáàsì kan náà ló ń yí po, láti compressor lọ sí condenser, ó dé ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tún padà. Òótọ́ ni pé ó lè máa yọ́ jáde lára àwọn páìpù rọ́bà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń rọ gáàsì ní oṣù méjì-méjì, ó ń jò níbì kan. Ẹni tó ń rọ ọ́ fún yín tí kò wá ibi tó ti ń jò, yóò máa retí yín ní oṣù méjì òní ni.

Mi ò sọ pé gbogbo owó ńlá ni irọ́ o. Compressor máa ń kú lóòótọ́. Bí irin rẹ̀ bá sì lọ ara rẹ̀, condenser náà gbọ́dọ̀ kúrò, torí ihò inú condenser ọkọ̀ òde òní tín-ín-rín débi pé fífọ ò lè kó irin yẹn jáde tán, drier náà á sì kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, compressor tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Bákan náà, tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti bí ọdún 2013 sí ìsinsìnyí, ó lè jẹ́ gáàsì R1234yf ló ń lò, èyí tó wọ́n ju R134a lọ fíìfíì. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, orúkọ gáàsì àti iye gíráàmù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n tú páìpù lójú yín, kí wọ́n fi àkísà funfun tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá nu inú rẹ̀. Tí irin bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i.

Tí AC bá ń tutù nígbà tí ẹ ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, tó sì ń gbóná tí ẹ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n wò, àti fíìsì àti relay rẹ̀, ìyẹn swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un. Tó bá sì jẹ́ pé ó tutù ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò jáde dáadáa, ẹ tú ẹ̀yìn pigeonhole wò, ibẹ̀ ni fílítà atẹ́gùn wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota. Eruku lè ti dí i pa.

Ní ti owó, ẹ má san àsansílẹ̀ fún ọjà. Ẹ bá a lọ sí Gate, tàbí Ládípọ̀ tó bá jẹ́ Èkó, kí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún ẹni tó ni ọjà, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ fọwọ́ yí compressor tòkunbọ̀ wò. Ó yẹ kí ó yí láìhá, kí ẹnu ihò rẹ̀ sì wà ní dídí, torí èyí tó ti wà ní ṣíṣí fún ọ̀pọ̀ oṣù ti mu omi inú atẹ́gùn. Kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀, ẹ gba ẹ̀yà àtijọ́ tí wọ́n yọ. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwa kan láti béèrè. Ẹ béèrè. Ọkọ̀ yín ni.

Àwọn kan tún ń rọ gáàsì ìdáná mọ́ gáàsì AC kí owó lè dín. Ẹ má gbà á láéláé. Iná ń ràn án, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló sì máa ń kọjá, níwájú ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín.

Mo padà lọ béèrè owó mi lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, èmi àti àbúrò ìyàwó mi. Ó kọ́kọ́ ní òun ti ra drier. Mo ní kí ó gbé e wá, kò rí i gbé. Ó dá ₦45,000 padà, ó ní kí n lọ fọwọ́ wọ́nú. Mi ò fọwọ́ wọ́nú. Òfin tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, sílẹ̀ lọ́dún 2018 sọ pé iṣẹ́ tí a bá sanwó fún gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá iye tó tọ́ nínú owó wa padà. Mo ti kọ̀wé sí wọn, mo fi ẹ̀dà ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àti ẹ̀rí owó tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Ojúlówó ìwé náà ṣì wà nínú pigeonhole ọkọ̀ mi. ₦35,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì ṣe parí, màá wá sọ fún yín.