Oògùn ìfọnú ẹ́ńjìnnì tí mo dà sínú Golf mi, àti ariwo tí mo fi etí ara mi gbọ́

Àwọn ọmọ ilé kejì wa ní Sángo, n'Ìbàdàn, kì í wo aago láàárọ̀. Tí mo bá ti sítáàtì Golf mi, wọ́n á mọ̀ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù, torí ariwo rẹ̀ ń wọlé bá wọn lórí ẹní: ta-ta-ta-ta, bí ẹni ń fi ìka lu ìdérí ìkòkò. Nígbà kan, kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ tó fi máa ń dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ń bá mi dé Bódìjà. Ìgbà yẹn ni mo ra oògùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí.

N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Oríṣiríṣi ẹ̀ ló wà ní Àràròmí, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Géètì, ohun tí wọ́n kọ sára wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Tèmi jẹ́ àgolo kékeré, mílílítà 300, ₦8,500 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì ni mo sì rà torí ẹni tó ń tà á sọ pé ẹ́ńjìnnì tó bá ti pẹ́ lè gbà ju ẹyọ kan lọ. (Ọlọ́jà ni, kí ló tún máa sọ?) Irú oògùn yìí pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì àtijọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ọkọ̀ á dúró lójú kan, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á sì tú gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni èyí tí èèyàn á dà sí i, tí á sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ títí yóò fi pé iye kìlómítà kan. Èkejì yìí ni mo mú, torí wọ́n ní jẹ́jẹ́ ló ń ṣe tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára àgolo pé kí n wa kìlómítà 200, kí n tó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà.

Kí n sọ òótọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì náà. Golf 3 ni, ẹ́ńjìnnì lítà 2.0, ọdún 1996. Tòkunbọ̀ ni ọkọ mi rà á, kó tó gbé e fún mi. Láti Sángo dé ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bódìjà, kò jìnnà rárá. Tí kì í bá ṣe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjà Bódìjà, mo ti dé kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìrìn kékeré báyìí ń tọ́jú ọkọ̀ ni. Irọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó máa ń sẹ omi sára bí ìrì, epo bẹntiróòlù tí kò jó tán náà á sì máa yọ́ wọ inú ọ́ìlì. Ọkọ̀ tó bá rin ọ̀nà jíjìn, ooru á lé àwọn nǹkan wọ̀nyí jáde. Tèmi, inú ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Nígbà tí owó ọ́ìlì tún wá fò sókè, èyí tó yẹ kí n pààrọ̀ ní kìlómítà 5,000, mo ń fà á dé 9,000. Mo sì ti ra ọ́ìlì lẹ́bàá títì rí, èyí tí n ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kì í ṣe ọ́ìlì dúdú tí wọ́n sẹ́ padà sínú gálọ́ọ̀nù tuntun.

Ọjọ́ tí Alfa, mẹkáníìkì mi, ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó ki ìka kan bọ̀ ọ́, ó fà á yọ. Ìka náà dúdú, nǹkan ara rẹ̀ sì ki bí àmàlà tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò.

"Mọ́mì, ẹ wá wò ó. Kóòtà ló wà níbí o, kì í ṣe ọ́ìlì."

Ó ní kí òun tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí òun fi ọwọ́ kó ìdọ̀tí náà. Mo béèrè iye tó máa gbà. Bó ṣe dárúkọ owó, mo rántí àgolo méjì tó wà nínú báàgì mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ariwo, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ èyí. Tápẹ́ẹ̀tì ni irin kékeré tó ń ti fáàfù, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà wọlé jáde nínú ẹ́ńjìnnì, ṣí. Ti inú Golf yìí kì í ṣe irú èyí tí mẹkáníìkì ń wọn àlàfo rẹ̀. Ọ́ìlì ló ń wọ inú rẹ̀ láti ojú ihò kékeré kan, tí á sì gbé e dúró kí àyè má bàa sí láàárín òun àti káàmù, irin tó ń yí lórí rẹ̀ tó sì ń tì í. Tí ìdọ̀tí bá dí ihò yẹn, tápẹ́ẹ̀tì kò ní kún, àlàfo á wà, irin á sì máa gbá irin. Ohùn tó ń mú jáde gbẹ, ó sì mú. Ẹ́ńjìnnì máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí fáàfù kan tó ṣí lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí ohùn tápẹ́ẹ̀tì fi máa ń lọ́ra ju bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣe ń sáré. Alfa mú sukurudíráfà gígùn kan, ó fi ẹnu irin rẹ̀ ti orí ẹ́ńjìnnì, ó sì fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí. Ó gbé e fún èmi náà. Mo gbọ́ ọ ketekete, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí n gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, kìkì ìró ẹ́ńjìnnì tó ń yí ni mo gbọ́.

"Tí ẹ bá gbọ́ ọ nísàlẹ̀, tó ń dún gbò-gbò-gbò, tó wúwo, ẹ máa wá owó o," ló sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, àti béárìn tó gbé e dúró ló ní lọ́kàn.

Ó kọ́kọ́ fa ọ́ìlì díẹ̀ jáde kí oògùn náà má bàa mú un kọjá àmì ara géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà ni mo da àgolo kan sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ohun tó yí padà. Ní ọjọ́ kejì, mo fa géèjì yọ, ọ́ìlì ti dúdú kirikiri, ó sì ń ṣàn lára irin bí omi. Inú mi dùn. Ìyẹn náà kì í ṣe àṣìṣe: ọ́ìlì tó bá tètè dúdú lẹ́yìn irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti ń gbé ìdọ̀tí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ariwo náà yí àkókò rẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, àárọ̀ ló máa ń pariwo, tó bá gbóná a sì dín kù. Láti ọjọ́ kẹta, àárọ̀ ló dákẹ́ (àwọn ọmọ ilé kejì pẹ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn, ìyá wọn ló sọ fún mi), àmọ́ tí mo bá ti wà nínú gosoló lọ́sàn-án, tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí mo dúró lójú kan, ta-ta-ta-ta á bẹ̀rẹ̀, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí mo bá ń sáré, á dákẹ́. Mo pe Alfa. Ó ní oògùn náà ti mú kí ọ́ìlì fẹ́lẹ́, pé tí ọ́ìlì fífẹ́lẹ́ bá tún gbóná, agbára tó fi ń ti ara rẹ̀ lọ sókè á dín kù. Ó ní kí n má wà á lọ sí ibi tó jìn.

Èmi ni mo wà á lọ sí ibi tó jìn. A ní ìkómọ ní Ọ̀yọ́ ní Sátidé, mo sì rò ó pé ọ̀nà jíjìn gan-an ni oògùn náà nílò. Ọjọ́óò, Mọ́níyà, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ́ńjìnnì rọ̀ débi pé mo yí rédíò sílẹ̀ kí n lè gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Fìdítì ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í han lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo rò pé fóònù ọmọ mi ni. Àfi ìgbà tí mo rí iná ọ́ìlì tó ń ṣẹ́jú pupa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Golf àtijọ́, ẹ tẹ́tí. Ojú méjì ló ń ṣọ́ agbára ọ́ìlì nínú ọkọ̀ yìí. Ọ̀kan ń wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí, èkejì ń wò ó nígbà tó bá ti ń yí ju bí ìgbà 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì yìí ló ń fi ariwo sí i. Àwọn rewáyà kan máa ń já wáyà rẹ̀ nítorí pé ó ń yọ oníbàárà lẹ́nu. Tí wọ́n bá ti já tèmi ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo máa máa kọ lónìí.

Kí n tó rí ibi yà sí, gbogbo tápẹ́ẹ̀tì ti dáhùn pọ̀. Kì í ṣe ta-ta-ta mọ́, bí ẹni da ẹ̀wà gbígbẹ sínú páànù ni. Mo pa á lójú ẹsẹ̀, mo pe Alfa.

"Ṣé òkè ni ẹ ti ń gbọ́ ọ àbí ìsàlẹ̀?"

"Òkè ni, Alfa. Òkè nìkan."

"Alhamdulilahi. Ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́ o, Mọ́mì. Kódà kẹ́ ẹ kàn fẹ́ fi dán an wò, ẹ má ṣe é."

Àwọn ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn jẹ ìrẹsì ìkómọ. Èmi jókòó ti Golf títí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ fi dé. ₦45,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi padà sí Ìbàdàn. Ẹ fi kún owó àgolo.

Nígbà tí Alfa tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó yọ asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ọ̀npù ọ́ìlì, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ kò gba ibẹ̀ kọjá àfi níbì kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Gbogbo ìyókù, èèpá dúdú ló bò ó pátápátá. Ó wá ṣí orí ẹ́ńjìnnì hàn mí. Ibẹ̀ yà mí lẹ́nu: irin ti ń yọjú, ọ̀pọ̀ ibi tó dúdú tẹ́lẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣí kúrò lókè ló bá ọ́ìlì ṣàn wálẹ̀, tí pọ́ọ̀npù sì fà á mọ́ asẹ́. Fílítà náà ti dí. Bẹ́ẹ̀ tí fílítà bá dí, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà nínú rẹ̀ tó máa ṣí kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbẹ, ọ́ìlì tí wọn ò sẹ́ ni á sì máa gba ibẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ gbálẹ̀, ẹ ò kólẹ̀," ni Alfa wí.

Ó fi dísù àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo rẹ̀ níta. Mo sọ pé níta, torí àwọn mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń da dísù tàbí kẹrosíìnì sínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á sì sítáàtì rẹ̀. Alfa kì í ṣe é. Kò sí nínú méjèèjì tó lè gba irin lọ́wọ́ irin bí ọ́ìlì. Ó tún bá rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ó ti dí gbọnin, èyí tó túmọ̀ sí pé èéfín àti omi kò rí ọ̀nà jáde láti ìgbà tí n ò mọ̀. Kò sí àgolo tó lè bá mi tún ìyẹn ṣe. Ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó fi fílítà tuntun sí i, ó sì ní kí n padà wá pààrọ̀ fílítà nìkan lẹ́yìn kìlómítà 500. Èyí tí a yọ nígbà náà wúwo, ó sì ti dúdú.

Ní báyìí, ta-ta-ta àárọ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tápẹ́ẹ̀tì náà ṣì ń ṣe agídí, mo sì ti gbà fún un. Ohun tuntun tó dé ni pé ọ́ìlì ń kán láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi rọ́bà ìdí kíráńkì. Rọ́bà náà ti gbẹ tipẹ́, ìdọ̀tí yẹn ló ń bá mi dí i. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálaalẹ́ kí onílé má bàa bínú.

Tí ẹ bá ní kí n fún oògùn yìí ní máàkì, 5 nínú 10. Iṣẹ́ ìfọ̀ ni mo fún ní márùn-ún yẹn, torí ó fọ̀ lóòótọ́. Mo yọ ìyókù torí pé kò sí ìlà kan ṣoṣo lára àgolo tó sọ̀rọ̀ asẹ́ pọ́ọ̀npù, ẹni tó sì tà á kò béèrè irú ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì mi. Ẹni tó ki ìka bọ ojú ọ́ìlì rẹ̀, tó yọ ọ́ jáde ní àwọ̀ oyin tàbí àwọ̀ ilẹ̀, tí kò ki, lè lò ó kó sì rí àǹfààní ẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí bí tèmi, kó jẹ́ kí wọ́n tú ìsàlẹ̀ kọ́kọ́, kó tó ronú àgolo. Tí ẹ bá sì ti dà á sí i, tí ohùn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nígbà tó bá gbóná, ẹ má dúró de kìlómítà 200. Ẹ tú ọ́ìlì náà dànù lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ yẹ asẹ́ wò.

Àgolo kejì ṣì wà nínú búùtù mi, n ò tíì já a. Alfa ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí òun bá mi tà á fún oníbàárà òun kan tó ní Nissan Primera. Mo ní kó kọ́kọ́ ki ìka bọ Primera náà ná.