Sampler onílẹ́tà àbí aláwòrán: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra sampler, aṣọ tí àwọn ọmọdébìnrin Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ fi kọ́ṣẹ́ abẹ́rẹ́, oríṣi méjì ni yóò máa bá pàdé jù: onílẹ́tà àti aláwòrán. Owó wọn jìnnà síra púpọ̀.

Onílẹ́tà kì í tóbi. Lẹ́tà, nọ́ńbà, orúkọ ọmọ náà, ó parí. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí yóò ṣe fi òwú sàmì sára aṣọ ibùsùn nígbà tó bá nílé tirẹ̀. Bí ẹ kò bá rí J àti U lára èyí tó ti pẹ́, kì í ṣe pé ọmọ náà gbàgbé. Lẹ́tà 24 ni ọ̀pọ̀ wọn ń rán nígbà náà.

Aláwòrán ní ilé, igi, àgùntàn, ẹsẹ ewì, àti òdòdó tó yí etí rẹ̀ ká. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti sábà ń ṣe é, ọwọ́ olùkọ́ sì máa ń hàn nínú rẹ̀: àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Mary Balch ní Providence, Rhode Island, fẹ́ràn láti rán àwọn ilé ńlá ìlú náà. Àwọn ọmọbìnrin dúdú náà rán tiwọn lọ́dọ̀ àwọn Oblate Sisters of Providence, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì, ní Baltimore. Èyí tí Mary Antrim rán ní New Jersey ní 1807, wọ́n tà á ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ní gbàǹjo Sotheby's lọ́dún 2012.

Lójú tèmi, onílẹ́tà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì mú sàn ju aláwòrán tó ti ṣá lọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ nínú férémù, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ìmọ́lẹ̀ kì í dé ẹ̀yìn, nítorí náà àwọ̀ tí òwú sílíìkì náà ní nígbà tó ṣì tuntun sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí iwájú bá dà bí ewé gbígbẹ, tí ẹ̀yìn ṣì jẹ́ búlúù àti pupa, ẹ ti rí ohun tí oòrùn jẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n bákan náà bí ohun tí wọ́n rì sínú tíì, ẹ fura: wọ́n ń fi tíì pa aṣọ tuntun láró kó lè jọ ti àtijọ́.

Ẹ wo ọdún náà. "18" tí ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tẹ̀lé kì í ṣe ayédèrú dandan. Àwọn obìnrin kan tú òwú ọdún náà nígbà tí wọ́n dàgbà, kí àlejò má baà ka ọjọ́ orí wọn lára ògiri. Irú èyí máa ń wọ̀ mí lọ́kàn gan-an.

Ti England pọ̀ lọ́jà, ó sì sábà máa ń dínwó. Bí ẹ kò bá rí orúkọ ìlú, ẹ má san owó ti Amẹ́ríkà lé e. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má fọ̀ ọ́: aró àtijọ́ lè ṣàn.