Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún súṣì tí wọ́n ń tà n'Ìbàdàn wa yìí

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó kó àlejò tàbí ọmọ yín lọ sí ilé oúnjẹ Jàpáànù nílùú yìí. Súṣì ni oúnjẹ Jàpáànù tí wọ́n ń fi ìrẹsì àti ẹja ṣe, wọn kì í sì í sábà se ẹja náà. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń pe ẹja Títù ní tuna, ẹja òkun ńlá kan, tútù ni wọ́n sì ń gbé e síwájú èèyàn, wọn ò sè é, wọn ò dín in. Mi ò ní dárúkọ wọn síbí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ lè dá irú wọn mọ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti bá wọn pàdé.

Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣe ọjọ́ ìbí, súṣì ló sì wù ú jẹ. A ní kí wọ́n gbé ti ẹja salmon àti ti tuna wá, pẹ̀lú ramen, ìyẹn núdùlù olómi ọbẹ̀ ti Jàpáànù. Ramen yẹn ò gba àlàyé: Indomie ni, wọ́n la ẹyin bíbọ̀ kan sórí rẹ̀. Ojúlówó ramen, wọ́n máa ń se egungun fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí omi ọbẹ̀ rẹ̀ tó dáa.

Súṣì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìrẹsì wóró gígùn tí à ń fi se jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n lò. Bí a bá ti gbé e, ó ti tú dà sínú àwo, nítorí ìrẹsì súṣì, oníwóró kúkúrú tó ń lẹ̀ mọ́ra ni, wọ́n á sì fi fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ pò ó. Ẹja tí wọ́n wá pè ní tuna, awọ ṣì wà lára rẹ̀, awọ tó ń dán, tó ní ìlà dúdú wọ́gọwọ̀gọ lẹ́yìn. Ìyá wa ta ẹja òkú-Èkó ní ọjà Bódìjà, ẹja yẹn la fi dàgbà. Ta ló fẹ́ fi Títù hàn mí? Ẹran tuna pupa bí ẹran màlúù, wọn kì í sì í fi awọ rẹ̀ sílẹ̀ lára súṣì. Èyí tilẹ̀ ti rọ̀, omi ń ṣẹ́ lára rẹ̀, bí ẹja ṣe máa ń rí tó bá ti yọ́ tán tí wọ́n tún dá a padà sínú yìnyín.

Mo pe máníjà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Jàpáànù nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ bí oúnjẹ náà ṣe yẹ kó rí, wọ́n wá ń fi àìmọ̀ wa pa owó. Àwọn ará Jàpáànù ń jẹ irú Títù lóòótọ́, saba ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ fi iyọ̀ pa á lára, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fínígà. Wọn kì í pè é ní tuna.

Níbi tí a jókòó sí, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ tan, gílóòbù tàn, éè-sí ń fẹ́, ṣùgbọ́n fíríìjì onígíláàsì tí ẹja wà nínú rẹ̀ dúdú títí a fi dìde. Ẹ fọkàn bá mi lọ síbí yìí dáadáa. Títù àti tuna, bí òtútù bá ti fi wọ́n sílẹ̀, kòkòrò àìfojúrí máa ń mú kí histamine, èròjà kan tó lè mú ara èèyàn yún, gbilẹ̀ lára wọn. Síse kì í mú un kúrò, dídín kì í mú un kúrò, yìnyín náà ò lè yọ ọ́. A ò tíì délé tí ojú àbúrò mi fi pọ́n, tí ara ń yún un, tí orí ń fọ́ ọ, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní ẹja tí wọn ò tọ́jú sínú òtútù ló ṣe é. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara rẹ̀ ti yá.

Ti aràn tún wà níbẹ̀. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí ọ̀pọ̀ ẹja tí èèyàn fẹ́ jẹ láìsè kọ́kọ́ wà nínú òtútù -20°C fún ọjọ́ 7, kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn níbi tí fíríìjì ti ń kú pẹ̀lú iná?

Owó náà ò mọ́. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, tí òfin ní ká san láti ọdún 2020, 7.5% ni, 10% ni wọ́n kọ sórí ìwé tiwa, wọ́n tún fi owó iṣẹ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá, tí kò sí nínú ìwé oúnjẹ wọn, lé e. Àkáǹtì tí wọ́n ní ká sanwó sí, orúkọ èèyàn ló ń jẹ́.

Bí ẹ bá máa lọ síbi tó bá jọ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ dídín tàbí sísè ni kí ẹ béèrè, kí ó gbóná dé iwájú yín. Ẹ ní kí wọ́n fi odidi ẹja hàn yín kí wọ́n tó gé e. Ẹ béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wọn ń gbé firísà. Bí ara bá ń yún yín lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má dúró dilẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ fi rìsíìtì yín pamọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti àsìkò tí ẹ jẹun sílẹ̀, kí ẹ fi tiyín náà ránṣẹ́ sí wọn.