Nínú gbogbo fíìmù Rocky, èwo ló dára jù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀: Rocky àkọ́kọ́, ìtàn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kan tó jáde ní 1976, lọ̀gá gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò gbà. Tirẹ̀ ni apá kẹrin, ti 1985, níbi tí Rocky ti lọ bá Ivan Drago, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ará Soviet, jà ní Moscow. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀, torí kásẹ́ẹ̀tì apá kẹrin yẹn ló yí káàkiri àdúgbò wa jù nígbà tí a wà ní kékeré. Ọmọ tí kò mọ ẹni tí Mickey, olùkọ́ Rocky, jẹ́ mọ Drago dáadáa.

Mo tún gbogbo wọn wò láti ìbẹ̀rẹ̀, Rocky mẹ́fà àti Creed mẹ́ta tó jáde láti ara wọn, kí n lè rí ẹnu bá a jiyàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi fíìmù kọ̀ọ̀kan: bí a bá yọ ìjà inú rẹ̀ kúrò, kí ló ṣẹ́ kù?

Nínú apá kìíní, nǹkan tó ṣẹ́ kù pọ̀. Ìjà Rocky àti Apollo Creed, ẹni tó di bẹ́líìtì àgbáyé mú, kò bẹ̀rẹ̀ títí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kó tó di ìgbà náà, ayé ọkùnrin kan ní Philadelphia là ń wò. Ó ń bá olówó-èlé kan tó ń jẹ́ Gazzo gba gbèsè kiri. Wọ́n ní kó lọ ṣẹ́ àtàǹpàkò onígbèsè kan, kò lè ṣe é. Ó ń yọ́ Adrian fẹ́, ọmọbìnrin onítìjú tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn. Paulie, ẹ̀gbọ́n Adrian, ń mutí, ó sì ń bínú sí gbogbo ayé. Ìjàpá méjì wà ní yàrá Rocky, Cuff àti Link, àwọn ló sì ń bá sọ̀rọ̀ bó bá wọlé lálẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dúró de ìjà kó tó di ènìyàn lójú wa.

Ìran kan wà tí mo máa ń dá padà wò. Mickey, bàbá arúgbó tó ni jíìmù, ti kó ẹrù Rocky kúrò nínú lọ́kà tó ti ń lò láti ọdún mẹ́fà, ó ti fi fún ẹlòmíràn, ó sì ti bú u lójú gbogbo ènìyàn pé ó fi ayé ara rẹ̀ ṣòfò. Àfi bó ṣe gbọ́ pé Apollo fẹ́ bá Rocky jà du bẹ́líìtì àgbáyé. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá ọmọkùnrin náà. Kò bẹ̀bẹ̀ tààrà. Ó wo àwọn ìjàpá, ó ní ọbẹ̀ wọn máa ń dùn. Ó mú fọ́tò ara rẹ̀ ti ìgbà tó ṣì ń jà jáde. Ó ní òun ti pé ẹni ọdún 76. Rocky kò fún un lésì gidi kan. Ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó dúró síbẹ̀ títí bàbá fi jáde. Ìgbà yẹn ló tó wá bú gbàmù, ó ń pariwo nínú yàrá bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú, Mickey sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bó ti ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ariwo tán lẹ́nu Rocky, ó sáré jáde tẹ̀ lé e. Kámẹ́rà kò sún mọ́ wọn o. Láti òkèèrè, nínú òkùnkùn àdúgbò, a rí i tó bá bàbá, tó gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Fíìmù yìí gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ, John G. Avildsen tó darí rẹ̀ náà sì gba ti olùdarí. Bí wọ́n bá ní torí ìran yìí nìkan ni, mi ò ní bá wọn fà á.

Owó tí wọ́n fi ṣe é kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là kan lọ, àìlówó yẹn gan-an sì ló jẹ́ kó dùn. Ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí yìnyín, èrò ló yẹ kó kún ibẹ̀. Kò sówó tí wọ́n máa fi san èrò. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di pé ibẹ̀ ti tì, Rocky fún alágbàtọ́jú ibẹ̀ ní dọ́là 10 kó gbà wọ́n láyè ìṣẹ́jú 10. Adrian ń yọ̀ lọ, Rocky ń fi bàtà lásán sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ń kígbe iye ìṣẹ́jú tó kù. Aṣọ àwọ̀lékè tí Rocky wọ̀ wọ ibi ìjà tóbi jù, ó ń mì lègbẹ́lẹ̀gbẹ́ lára rẹ̀ bí agbádá ẹlòmíràn. Wọn ò ní òmíràn, ni wọ́n bá fi í sínú ọ̀rọ̀ eré. Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákó ńlá tó ya ṣòkòtò ìjà rẹ̀ ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Rocky rí i lóru ọjọ́ tó ṣáájú ìjà, ó sọ fún agbátẹrù ìjà náà. Ìyẹn ní kò já mọ́ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni Rocky délé tó sọ fún Adrian pé òun ò lè borí ọkùnrin yìí, pé bí òun bá ṣáà lè wà lórí ìdúró títí abala kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tó kẹ́yìn, ó tó òun.

Ibi tí Sylvester Stallone, tó kọ fíìmù náà, ti rí ìtàn yìí nìyí. Ní March 24, 1975, Chuck Wepner, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, bá Muhammad Ali jà ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì bá a dé abala kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú-àáyá 19 ló kù tí rẹfirí dá ìjà dúró. Stallone wò ó, ó lọ kọ ìtàn rẹ̀ láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, ó sì takú pé òun ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni àfi bí wọ́n bá jẹ́ kí òun ṣe Rocky fúnra òun.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n sọ gbogbo èyí tán. Ó ní, “Àbúrò, fíìmù ìjà lo ń wò àbí fíìmù ìjàpá?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni Drago sọ nínú fíìmù tiyín tó ju gbólóhùn kan lọ?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó lè fi ẹ̀ṣẹ́ pànìyàn, kí ló tún fẹ́ sọ?

Ó ní ìdí. Mi ò ní purọ́, apá kẹrin ń gbéni lára. Ibi tí James Brown ti ń kọrin, tí Apollo ń jó wọlé, tí Drago dúró láìmi ojú, ojora ń mú mi síbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé Drago máa pa Apollo. Rocky tó ń la igi nínú yìnyín, Drago tó ń fi ẹ̀rọ ṣe tirẹ̀ tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́: ọmọdé ò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 91 péré ni gbogbo fíìmù ọ̀hún, orin ló sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ yọ ìjà, ẹ yọ orin, ohun tó kù ni Paulie àti róbọ́ọ̀tì tí Rocky fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún un. Róbọ́ọ̀tì! Nínú ilé ẹni tó ń bá ìjàpá sọ̀rọ̀ ní 1976.

Apá kẹta, ti 1982, ṣe mí dáadáa ju bí mo ti rò lọ. Mr. T, tó ṣe ọ̀tá Rocky níbẹ̀, lè mú ẹ̀rù ba òkúta, ikú Mickey sì ń dunni, ṣùgbọ́n ibi tó wọ̀ mí jù ni etíkun tí Rocky ti jẹ́wọ́ fún Adrian pé ẹ̀rù ń ba òun. Apá kejì dùn níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Rocky ń gbìyànjú láti ka ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà tí kò lè kà, lẹ́yìn náà ó wá di àtúnṣe ti àkọ́kọ́. Apá karùn-ún, ẹ fò ó.

Rocky Balboa ti 2006 ni àwọn ènìyàn fi ń ṣẹ̀sín kó tó jáde, pé kí ni bàbá tún fẹ́ jà sí. Adrian ti kú. Rocky ń sọ ìtàn ìjà àtijọ́ fún àwọn oníbàárà nílé oúnjẹ rẹ̀, ó sì fi àga kan pamọ́ sórí igi ní ibojì kó lè máa rí ibi jókòó tì í. Ẹni tó bá a jà, Antonio Tarver, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò gidi ni, ó ti na Roy Jones Jr. rí.

Èyí tó lè bá àkọ́kọ́ du ipò ni Creed, tí Ryan Coogler darí ní 2015. Michael B. Jordan ni ọmọ Apollo. Ìjà kan wà nínú rẹ̀, abala méjì gbáko, tí kámẹ́rà kò yà kúrò lẹ́ẹ̀kan. Mo gbàgbé láti mí. Ẹ̀rín sì pọ̀ níbẹ̀: ọmọ náà ya fọ́tò ìwé ìdánrawò, ó ní bí fóònù bá tilẹ̀ sọnù, ó wà nínú àwọsánmà. Rocky gbójú sókè, ó ń wá àwọsánmà. Tony Bellew, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò gidi tó ṣe ọ̀tá ọmọ náà, jà pẹ̀lú rẹ̀ ní Goodison Park, pápá bọ́ọ̀lù kan ní Liverpool; nígbà tó di 2016, ó gba bẹ́líìtì àgbáyé WBC lójú ayé, ní Goodison Park yẹn kan náà.

Nígbà tí mo to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fẹ́ràn jù, àkọ́kọ́, Rocky Balboa àti Creed, mo rí i pé nínú gbogbo wọn, ákítọ̀ ló pàdánù: adájọ́ méjì fún ọ̀tá rẹ̀, ọ̀kan fún un. Ẹ wo ti 1976. Wọ́n ń ka èsì pé Apollo ló ni í, Rocky ò gbọ́. Adrian ló ń pè. Ó jà gba àárín èrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, fìlà ti bọ́ sọnù lórí rẹ̀, ohun tí ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ti wú di bẹ́ẹ̀ sì bi í ni pé, fìlà rẹ dà?

Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan rí nínú wọn, àkọ́kọ́, ìkẹta, Rocky Balboa àti Creed ti tó yín. Creed II wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ayé ti ṣe Drago àti ọmọ rẹ̀. Creed III kò ní Rocky nínú rárá, ó sì hàn. Bó bá jẹ́ apá kẹrin lẹ fẹ́ dandan, ẹ wá èyí tí Stallone tún gé ní 2021: ó fún Apollo láyè sí i, ó sì yọ róbọ́ọ̀tì kúrò. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun fẹ́ róbọ́ọ̀tì òun padà.